Bí a ṣe lè bó ọ̀dà àtijọ́ lára ọkọ̀ alumíníọ̀mù láì lu ọkọ̀ ní ihò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jẹun ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọmọ wọn sínú ọkọ̀ láràárọ̀ kí wọ́n lè dé ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá tiẹ̀ ní ọkọ̀, kó fara balẹ̀ kà á, nítorí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí náà ló ń ṣe ìkòkò inú ilé ìdáná.

A máa ń lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò ní abúlé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Omi ló yí àwọn kan nínú abúlé wọ̀nyí ká, pàápàá ní oṣù septembre àti octobre tí odò Ouémé bá kún. Ní ọ̀kan nínú wọn, ọkọ̀ alumíníọ̀mù kan wà tí àwọn òbí dá owó jọ rà ní àlòkù. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti tó ìpele mẹ́ta: búlúù lókè, funfun lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ pupa bí èèpẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Ibì kan ti bó, ibì kan ti wú bí ara tí iná jó, ibì kan sì lẹ̀ mọ́ irin gbọningbọnin.

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ ọ̀dà kùn dáadáa. Soude caustique ló máa ń fi bó ọ̀dà lára ilẹ̀kùn irin, ó sì máa ń dára. Ó pò ó mọ́ omi, ó dà á sára ọkọ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó yaya bí ọṣẹ, èéfín ń jáde, ara irin gbóná. Inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n ní oògùn ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi omi ṣàn án, ọ̀dà ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ti dúdú, kò sì dán mọ́. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé e padà sómi, àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ wa kan. Kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, omi ti mu wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Igbá àti abọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́n ọn títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

A kò sọ èyí láti dá ọ̀dọ́kùnrin náà lẹ́bi. Ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ká ní ó bi àwa olùkọ́ léèrè lọ́jọ́ yẹn, bóyá la ò ní sọ pé kó máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó, tí a kọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, tí a sì ń sọ ọ́ fún yín.

Irin yìí kò jọ irin yòókù

Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún pupa bí irin tí a fi ń ṣe àdá àti ọkọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bo ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Awọ náà tín-ín-rín débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n òun ni aṣọ tí irin yìí wọ̀. Bí a bá họ ọ́ kúrò, òmíràn á tún bò ó. Nítorí èyí ni alumíníọ̀mù fi lè pẹ́ lórí omi láì jẹrà.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó ń jẹ aṣọ yìí kúrò, tí kì í jẹ́ kó rí àyè hù padà. Àwọn ìyá wa mọ̀ wọ́n ṣáájú wa. Ẹni tó bá fi kán-ún se ẹ̀wà nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, ṣé ẹ ti rí i bí inú ìkòkò ṣe máa ń dúdú? Ẹni tó bá gbé omi eérú tó mú dáadáa kaná nínú rẹ̀, ìkòkò ló máa bàjẹ́. Kán-ún, omi eérú, soude caustique, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, àfi pé soude lágbára ju àwọn tó kù lọ jìnnà. Ó ń jẹ awọ náà, lẹ́yìn náà ó ń jẹ irin fúnra rẹ̀. Ohun tó ń hó tí ẹ ń rí yẹn, ọ̀dà nìkan kọ́ ló ń hó, irin ọkọ̀ yín ló ń yọ́ lọ. Gáàsì tó sì ń jáde níbẹ̀, hydrogène ni. Iná sìgá kan ṣoṣo lè ràn án.

Ẹ rántí pé irin tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ kékeré kò nípọn. Mìlímítà méjì, mẹ́ta, mẹ́rin ni, kì í sábà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn irin lè fara da àṣìṣe. Ọkọ̀ kò lè fara dà á, nítorí omi kì í dárí ji ihò, bó ti wù kó kéré mọ.

Ṣé dandan ni kí a bó gbogbo rẹ̀?

Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa nìyí, ó sì lè dín iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kù sí ti ọjọ́ kan. Ọ̀dà àtijọ́ tó ṣì di irin mú dáadáa kì í ṣe ọ̀tá. Ó lè jẹ́ ìpìlẹ̀ tó dára fún ọ̀dà tuntun. Èyí tó ti wú, tó ti là, tàbí tó ń ṣí bí èèpo igi, òun ló gbọ́dọ̀ kúrò.

Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ ya àmì X sórí ọ̀dà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ wọ inú irin. Ẹ lẹ scotch tó lágbára mọ́ ọn, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ wá fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀dà bá tẹ̀ lé scotch, kò dì mú mọ́, ẹ bó o. Bí kò bá tẹ̀ lé e, ẹ kàn fi papier verre họ ojú rẹ̀ díẹ̀ kí tuntun lè rí ibi dì mú. Ẹ ṣe èyí ní ibi mẹ́fà tàbí méje lára ọkọ̀, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀dà wú sí, tí ẹ ṣí i tí ẹ bá ìyẹ̀fun funfun lábẹ́ rẹ̀, irin ti ń jẹrà níbẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ kò ṣe é fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Dandan ni kí ẹ ṣí i títí dé ibi tí irin ti dán.

Ewu tó wà nínú ọ̀dà fúnra rẹ̀

Ọkọ̀ àlòkù kì í sọ ìtàn ara rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó bá ní àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ pọ́n ewé, chromate ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì lè fa jẹjẹrẹ fún ẹni tó bá fà á símú.

Òmíràn tún wà. Ọ̀dà kan wà tí wọ́n máa ń kùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ewédò àti ìkarahun má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Láyé ọjọ́un, tánganran ni wọ́n ń fi sínú èyí tó lágbára jù nínú wọn, TBT lorúkọ rẹ̀. Ó pa ewédò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ba àwọn ẹ̀dá inú omi jẹ́. Ilẹ̀ Faransé fòfin dè é fún ọkọ̀ kéékèèké ní 1982. Amẹ́ríkà ṣe tiwọn ní 1988, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọkọ̀ alumíníọ̀mù sílẹ̀, nítorí pé ọ̀dà tó ní bàbà, èyí tí ọkọ̀ yòókù lè lò, ń jẹ alumíníọ̀mù. Àdéhùn àgbáyé tó ní kí gbogbo ọkọ̀ jáwọ́ nínú TBT, 2001 ni wọ́n fọwọ́ sí i, 2008 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ò rí i báyìí pé ọkọ̀ alumíníọ̀mù àtijọ́ tó wá láti òkè òkun lè ṣì ní oró yẹn lára, lábẹ́ ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn lé e.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi meuleuse họ ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ kí eruku máa fò káàkiri àgbàlá. Ẹ má ṣe é létí omi gan-an kí èèpo rẹ̀ máa já sínú ọ̀sà. Ẹja tí a ń pa níbẹ̀ náà la ń jẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é

Èkíní, ibi iṣẹ́. Ẹ fa ọkọ̀ kúrò létí omi, ẹ yí i dojú bolẹ̀ sórí igi tàbí táyà, lábẹ́ ìbòji, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kó jìnnà sí kànga àti sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ẹ tẹ́ tapólì ńlá sábẹ́ rẹ̀ kí gbogbo èèpo ọ̀dà lè bọ́ sórí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, lunettes tó bo ojú yí ká, àti aṣọ alápá gígùn. Cache-nez aláṣọ lásán kò tó fún eruku ọ̀dà. Èyí tí wọ́n kọ FFP2 tàbí FFP3 sí lára ni kí ẹ rà.

Èkejì, fífọ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ gbogbo ara ọkọ̀, kí ẹrẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì àti ìkarahun kúrò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Èyí tó bá ti ń ṣí fúnra rẹ̀, ẹ fi igi pẹlẹbẹ tàbí ike líle tí ẹ pọ́n lẹ́nu fá a kúrò. Bí ẹ bá lo irin grattoir, ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì yí igun rẹ̀ méjèèjì kó má mú mọ́, nítorí igun mímú ló ń ha irin jinlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, décapant. Bí ẹ bá dé quincaillerie, ẹ má kàn béèrè décapant. Ẹ ka ara agolo. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó dára fún aluminium. Bí ẹ bá rí soude caustique, hydroxyde de sodium tàbí hydroxyde de potassium nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá rí chlorure de méthylène tàbí dichlorométhane, èyí kì í jẹ alumíníọ̀mù bíi soude, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó ló wà nínú ewu. Òórùn rẹ̀ ti pa ènìyàn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti fòfin dè é fún ará ilé. Bí ẹ bá lè rí òmíràn, ẹ mú òmíràn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dán an wò. Ẹ kùn ún sí ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo. Bí irin bá dúdú tàbí tó ń hó, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, ẹ má lò ó mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà nìkan ló rọ̀ tó sì wú, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀karùn-ún, sùúrù. Ìpele tó nípọn ni ẹ máa kùn, ẹ má ṣe máa fi bùrọ́ọ̀ṣì pa á lọ pa á bọ̀. Ẹ fi ọ̀rá nylon bò ó kó má bàa gbẹ. Ooru ilẹ̀ wa pọ̀, décapant tó bá gbẹ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ibi tó tó ìdajì àgbàlá mítà lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ẹ dúró, ẹ fá a pẹ̀lú igi tàbí ike, ẹ tún kùn. Ọ̀dà ìpele mẹ́ta lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: bí wọ́n ṣe rí i pé ìpele kìíní nìkan ló ṣí, wọ́n á bínú, wọ́n á lọ gbé meuleuse. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹfà, igun àti rivet. Ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì nylon wọ inú ihò àti ẹ̀gbẹ́ orí rivet. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ họ orí rivet, nítorí òun ló so páànù kan mọ́ èkejì. Bí orí rẹ̀ bá tín-ín-rín, omi á rí ọ̀nà gbà.

Èkeje, ìṣàn àti ìfá ìkẹyìn. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan gbogbo décapant kúrò bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, kí omi náà má ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi papier verre 80 họ ọ́ pẹ̀lú omi, kí eruku má bàa gbéra. Ẹ wá fi 120 tẹ̀ lé e. Ọwọ́ àti igi ni kí ẹ fi dì í mú, ẹ má fi ẹ̀rọ tẹ ojú kan pẹ́.

Èèpo ọ̀dà tó wà lórí tapólì, ẹ kó o sínú bidon tó ní ìdérí. Ẹ má sun ún, ẹ má sin ín sínú oko. Ẹ bi àwọn mairie léèrè ibi tí wọ́n ń gbé irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sí.

Àwọn ohun tí a ò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má fi iná soudeur jó ọ̀dà kúrò. Irin yòókù máa ń pọ́n kó tó yọ́, ó ń kìlọ̀ fúnni. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ní ìwọ̀n 660 degré ló ń yọ́, ó sì lè wà ní àwọ̀ rẹ̀ títí tí ihò fi máa là lójijì. Bí kò bá tiẹ̀ yọ́, ooru líle máa ń sọ páànù ọkọ̀ di rírọ̀. Èéfín ọ̀dà olójé sì burú fún ẹni tó bá fà á símú.

Ẹ má lo bùrọ́ọ̀ṣì onírin lásán tàbí irun irin. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rún irin sílẹ̀ nínú ara alumíníọ̀mù. Bí omi bá kàn án, ẹ̀rún yẹn á dógùn-ún, á sì máa jẹ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo bùrọ́ọ̀ṣì líle, kó jẹ́ inox, kó sì jẹ́ èyí tí kò tíì kan irin mìíràn rí.

Ẹ má fi acide bátìrì tàbí acide tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá bó ọ̀dà. Àwọn náà ń jẹ alumíníọ̀mù. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sablage líle fọ́n iyanrìn sí páànù tó fẹ́lẹ́. Ó máa ń ká a po.

Lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti lọ

Kí ẹ tó ronú ọ̀dà tuntun, ẹ wo ọkọ̀ dáadáa. Ní alẹ́, kí ẹnì kan wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíràn dúró síta máa wò. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ihò ni. Ẹ fi chalk sàmì sí i. Ibi tí ìyẹ̀fun funfun ti jẹ, ẹ họ ọ́ mọ́, ẹ wo bó ṣe jinlẹ̀ tó. Bí ó bá ti jẹ ìdajì nípọn irin, ẹ pe soudeur tó mọ alumíníọ̀mù jó. Kì í ṣe gbogbo soudeur ló mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé owó sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé alumíníọ̀mù tí wọ́n ṣe fún ojú omi lè wà láì kun ọ̀dà rárá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé ló wà bẹ́ẹ̀, ní àwọ̀ eérú wọn. Ọkọ̀ tí ẹ ń fà sókè sí ilẹ̀ lálaalẹ́, ewédò kò ní ráyè hù lára rẹ̀. Ẹ lè fi í sílẹ̀ láìkùn, kí ẹ fi owó ọ̀dà ra ohun ìléfòó fún àwọn ọmọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kùn ún, ẹ fi acétone àti aṣọ mímọ́ nu gbogbo ara rẹ̀, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án mọ́, kí ẹ sì kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá sùn mọ́jú, awọ ara rẹ̀ á ti nípọn sí i, ọ̀dà kò sì ní di í mú dáadáa. Ibi tí ọ̀dà àtijọ́ yẹn ti kọ́kọ́ ń bó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n kò ṣe nìyẹn.

Ẹ má kun ọ̀dà tó ní bàbà, cuivre, sí i láéláé. Bí bàbà àti alumíníọ̀mù bá jọ wà nínú omi, pàápàá omi iyọ̀ tó ń wọ ọ̀sà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, alumíníọ̀mù ló máa ń jẹrà fún èkejì. Kódà ègé wáyà iná tó bá já sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ ṣà á kúrò.

Ọkọ̀ abúlé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, soudeur kan láti ìlú lẹ páànù tuntun mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Owó tí àwọn òbí san fún un ju ohun tí décapant tó dára ìbá ná wọn lọ. Nísinsìnyí, wọn ò kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń fà á sókè lálaalẹ́, wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀dọ́kùnrin ọjọ́sí ló ń ṣe é, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn tó kéré sí i pé kí wọ́n máa ka ara agolo kí wọ́n tó ṣí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó lè ka Faransé nílé, ẹ mú un dání lọ sí quincaillerie. Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ máa ń wúlò nìyẹn. Ire o.